Fóómàn Làsísì àti Ife Tí Kò Dọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá dé Agége lónìí, tí ẹ sì bi àgbà kan léèrè bí Nàìjíríà ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí pápá nígbà tó ń na Gánà lọ́wọ́, ẹ tètè wá ibi jókòó sí, torí olúwarẹ̀ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó dá yín lóhùn. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lórí Pápá Ọ̀dàn. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan gun orí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé màlúù wá sí Oko Ọba kí wọ́n lè rí i dáadáa. Àṣekágbá ìdíje ni. Àwọn ọmọ Agége ló wọ aṣọ Nàìjíríà, ayò méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n fi ń borí, ó sì ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré parí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá èèyàn méjì, aṣọ́lé Gánà nìkan ló kù níwájú rẹ̀. Ìgbà náà ni fèrè ilé-iṣẹ́ oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ké fúùùù. Agogo méjì ọ̀sán ti lù, àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ máa ń jáde kí ti ọ̀sán tó wọlé.

Ọmọ náà dúró. Ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó yí padà. Bí àwọn mọ́kànlá ṣe ń rìn jáde nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá mìíràn dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wọlé bọ̀. Kálukú sì dúró ti ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé ibi tí nǹkan dé fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà méje wọn yẹn, ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Má jẹ́ kó yí sọ́dọ̀ rẹ."

"O ṣé. Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ń yọ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó dàárọ̀."

Aṣọ́lé wa bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fà á lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Gánà dúró, wọ́n ń wo ara wọn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan nínú wọn pé bóyá wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ nígboro tí wọn ò gbọ́. Aṣọ́lé tiwọn, Mẹ́ńsà, nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé, torí ilé-iṣẹ́ oníke yẹn gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ó wo aago, ó kígbe "Yéè!", ó sì sáré gba ẹnu ọ̀nà lọ síbi iṣẹ́ tòun ti bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀.

Nùréènì, igbákejì kóòṣì Nàìjíríà, gbé àpò omi lọ́wọ́. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, Fóómàn Làsísì. Fóómàn dúró létí pápá, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀.

"Nùréènì, wò ó! Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Wọn ò tíì pààrọ̀ kíá báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ wọn!"

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Làsísì Ọláwuyì. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó dé Agége, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà, títí ó fi di fóómàn. Ibẹ̀ ni Nùréènì ti mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí bisikíìtì. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, Nùréènì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọjọ́ kejì gan-an ni Fóómàn wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ. Nùréènì bi í pé níbo. Fóómàn ní òun ò tíì mọ̀, àmọ́ àwọn ti pẹ́.

Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ni Fóómàn ní lẹ́yìn ti Ọlọ́run, ìyẹn ni ṣíìfútì. Lójú tirẹ̀, gbogbo ohun tó ń dà rú láyé yìí, ẹni tó ń lọ ni kò ṣàlàyé fún ẹni tó ń bọ̀. Nínú ilé pàápàá, tó bá ti fẹ́ sùn, á kọ́kọ́ lọ bá Sàídátù ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Kaothar, mo ti ti ilẹ̀kùn. Omi wà nínú kẹ́tùlù. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ń jò. Iṣẹ́ ti di tìrẹ."

"Bàbá Kaothar," ni Sàídátù máa ń dá a lóhùn, "ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń jò. Ẹ lọ sùn."

Kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú tó fi gbé ṣíìfútì wọ inú bọ́ọ̀lù. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni gbogbo àwọn ọmọ tó ń kọ́. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, kò sí ọjọ́ tí gbogbo wọn lè pé sójú kan. Ni Fóómàn bá pín wọn sí méjì. Àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ọ̀sán yóò gbá bọ́ọ̀lù láti agogo méjìlá. Tí fèrè ilé-iṣẹ́ oníke bá ti ké ní agogo méjì, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbi tó bá wà, wọ́n á ṣàlàyé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé, wọ́n á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìdíje yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Agogo méjìlá ni wọ́n fi àṣekágbá sí, kí ó bàa lè parí kí agogo méjì tó lù. Àmọ́ àwọn àlejò pàtàkì tó yẹ kó wá ṣí eré, ẹ ṣáà mọ àlejò pàtàkì, agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó dé. Kò sì sí ẹni tó rántí fèrè, àfi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn nìkan.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọjà nínà. Nùréènì bá a lọ sí Computer Village lọ́jọ́ kan nítorí pé Fóómàn fẹ́ ra fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú fún un létí pápá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta fóònù, Abdulqoyum lorúkọ rẹ̀, mú ọ̀kan tó ń dán jáde, ó dárúkọ owó rẹ̀. Fóómàn yí fóònù náà síwá sẹ́yìn.

"Kí lèyí tó yọ ojú jáde lẹ́yìn rẹ̀ yìí?"

"Kámẹ́rà ni, Bàbá. Mẹ́ta ni. Ó mọ́lẹ̀ rekete."

"Mi ò ya fọ́tò. Yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀."

"Bàbá, a kì í yọ ọ́ o."

"Kí ló tún wà nínú rẹ̀?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì, géèmù, mùsíìkì..."

"Mi ò lo géèmù. Alhaji ni mí, mi ò gbọ́ mùsíìkì. Yọ wọ́n. Èló ló wá kù?"

Wọ́n fà á, wọ́n fà á, oòrùn kúrò lórí wọn bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Abdulqoyum bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ mú èyí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀." Fóómàn gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, iná tọ́ọ̀ṣì tàn wàì. Ó wo Abdulqoyum lójú, ó ní, "Ilé mi níná. Yọ tọ́ọ̀ṣì."

Ọkùnrin tó ń yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan báyìí ni Olóyè Olúgbénró Adésànyà mú ìwé lọ bá pé kó fọwọ́ sí i.

Oníṣòwò ni Olóyè, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tó lẹ́nu dídùn. Ó ti ra Pápá Ọ̀dàn lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, ó sì fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo àdúgbò wọra. Pápá Ọ̀dàn nìkan ni ilẹ̀ tó kù láàárín ilé-iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tí ọmọdé lè sá eré lórí rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń kírun yídì. Ibẹ̀ ni Nùréènì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Nígbà tí Olóyè rí i pé inú ń bí àwọn èèyàn, ó ní òun kò ní gba pápá lọ́wọ́ wọn bí olè. Òun yóò fi ìdíje ńlá dágbére fún un, Ife Ẹ̀yẹ Ìdágbére, tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin yóò ti kópa: Nàìjíríà agbàlejò, Gánà, Tógò àti Kùtọnù. Àwọn ọmọ Gánà ń gbé Ọ̀gbà, àwọn jórinjórin Tógò wà ní Orílẹ̀ Agége, àwọn ọmọ Kùtọnù sì ń ránṣọ ní Dòpẹ̀mú. Gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá sí ìdíje àgbáyé náà.

Àdúgbò pín sí méjì. Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù ń jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá a. Àwọn kan ní ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ìdágbére ti gbà pé òun ń lọ nìyẹn. Wọ́n jà sí i ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n jà sí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbogbo wọn wá ń retí ohun tí Fóómàn yóò ṣe, torí kò sí kóòṣì mìíràn tó lè kó àwọn ọmọ náà jọ.

Olóyè ò tíì béèrè tán tí Fóómàn fi gbà.

Ó dun Nùréènì. Ó rò pé ọ̀gá òun ta pápá nítorí àwọ̀ ewé àti funfun. Àmọ́ ó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún gbọọrọ tí Fóómàn ti ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù, kò gba ife rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdíje àwọn ilé-iṣẹ́, wọ́n fún un ní ife, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì gbà á padà kó tó délé, torí ṣe ni wọ́n yá ife náà. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá ti wò ó, á ní, "Ẹ má wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni kẹ́ẹ wò. Ẹ rí i bí mo ṣe dì í mú?"

Sàídátù ò fi tirẹ̀ bọpo bọyọ̀. "Bàbá Kaothar," ló wí, "ẹ ń lọ jó níbi òkú ẹni tí kò tíì kú."

"Ìyá Kaothar, bí a gbá a, bí a ò gbá a, Olóyè á kọ́lé rẹ̀. Jẹ́ kí n fi Nàìjíríà gba ife kan kí n tó kú."

"Ẹ lọ gbà á. Kẹ́ẹ má gbé e wọnú ilé tí mo wà o."

Ọjọ́ tí Olóyè mú ìwé wá, Nùréènì wà níbẹ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé Fóómàn ni wọ́n jókòó sí. Àwọn kóòṣì mẹ́ta yòókù àti àwọn aṣojú àdúgbò ti fọwọ́ sí tiwọn kíákíá.

"Fóómàn, ìwé kékeré ni. Ẹ kàn bá mi sáìn in jàre."

"Ẹ kà á sí mi létí."

Olóyè kà á. Ìwé náà ní lẹ́yìn tí ìdíje bá parí, gbogbo àdúgbò gbà kí Olóyè máa bá iṣẹ́ lọ lórí pápá láìsí ìjà.

"Ìgbà wo ni ìdíje parí?"

"Fóómàn! Nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ni."

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Rẹfirí fọn fèrè lójú mi rí, mo di ife mú, wọ́n sì tún já a gbà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdíje kò parí àfi tí ife bá dọ́wọ́ ẹni tó borí, tí kóòṣì méjèèjì sì fọwọ́ sí i pé àwọn rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ṣọ́bìrì wọ pápá."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló fẹ́ jí ife yín?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Olóyè rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó pe awakọ̀ rẹ̀ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tó ka gbólóhùn yẹn sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù kí wọ́n má tún gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ba Fóómàn, kò sí ohun mìíràn.

Ẹ ti mọ bí ọjọ́ àṣekágbá ṣe rí. Rẹfirí ni Shuaib, alápatà kan ní Oko Ọba tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kwéésí, kóòṣì Gánà, sáré bá a, ó ní kí wọ́n gbé ife fún àwọn, torí Nàìjíríà ti fi pápá sílẹ̀.

"Ta ló fi pápá sílẹ̀?" ni Fóómàn ké. "Mọ́kànlá lọ, mọ́kànlá dé. Aṣọ́lé tiyín dà?"

Kwéésí wẹ̀yìn. Òpó ilé Gánà méjèèjì dúró láwọn nìkan. Mẹ́ńsà ti wà nídìí ẹ̀rọ níbi tó ti ń ṣe ike.

Shuaib ronú títí, ó ní òun ò rí irú èyí rí nínú bọ́ọ̀lù tàbí nínú màlúù. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré kò parí. Olóyè ní kò burú, kí wọ́n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀ wá parí rẹ̀. Gbogbo ayé gbà, àfi Fóómàn. Ní Ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Shuaib ní Oko Ọba, ó ní òun ò ní gbà kí wọ́n tún eré gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó dúró ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó wà lọ́jọ́sí, kí àwọn ọmọ Gánà méjì tó gbá a kọjá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí Mẹ́ńsà sì dúró sójú kan náà. Shuaib rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ó sì fara mọ́ ọn.

Kékeré kọ́ ni wàhálà tó dé. Nígbà tí wọ́n rí ọmọ wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Gánà méjì yẹn ti padà sí Kùmásì. Nígbà tó dé, Mẹ́ńsà ti gba iṣẹ́ àárọ̀. Nígbà tí wọ́n pé, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n túnu ààwẹ̀, òjò dé, Fóómàn sì ní ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ àṣekágbá, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ní ọdún kejì, ó mú okùn, ó wọn òpó ilé, ó ní ti apá òsì ti rì wọlẹ̀ ní ìka méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ wú u. Ní ọdún kẹta, ó ní ọmọ wa ti sanra, pé bó ṣe wà yìí kọ́ ló ṣe gbá èèyàn méjì yẹn kọjá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọn.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Olóyè máa ń wá bá a jà. Á gbé gàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ torí kò lè wọlé àgbà lọ́wọ́ òfo, á sì jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù. Sàídátù á gbé ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége wá.

"Fóómàn, ìgbà wo la fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yìí parí?"

"Ẹ jẹun ná, Olóyè. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Mo lè pè yín lẹ́jọ́ o."

"Ẹ lè pè mí. Àmọ́ kẹ́ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ata ẹ̀wà yìí ta díẹ̀, àbí?"

"Ó ta. Ẹ bá mi bu sí i."

Ariwo wọn á máa dé ojú títì. Nígbà mìíràn Olóyè á dìde, á ní òun ò ní wá mọ́ láéláé. Tó bá di Sátidé àkọ́kọ́, ọkọ̀ rẹ̀ á tún dúró.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí kò sí ẹni tó gbé ṣọ́bìrì wọ Pápá Ọ̀dàn, ni ìtàn Fóómàn ń gbèrú. Àwọn tó bú u tẹ́lẹ̀ ti ń pè é ní ọlọ́gbọ́n Agége, òun náà ò sì kọ̀ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun mọ̀ pé fèrè máa ké. Nígbà tó yá, ó ní òun lòun lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oníke sọ ọ́. Ní ọdún tó kọjá, níbi ìkómọ kan, Nùréènì gbọ́ tó ń sọ pé òun náà lòun sọ fún àwọn àlejò pàtàkì kí wọ́n pẹ́.

"Fóómàn," ni Nùréènì fi ẹnu sí i létí, "ẹ̀yin lẹ ka ìṣẹ́jú lójú mi o. Ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n sunkún kí Olóyè lè mọ̀ pé mo mọ̀?"

 Láti ọjọ́ náà ni Nùréènì kò ti mọ èyí tó yẹ kóun gbà gbọ́.

Ní oṣù tó kọjá, lọ́sàn-án Sátidé kan, Fóómàn Làsísì sùn lẹ́yìn ìrun, kò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Nùréènì ló wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ààfáà. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé Sátidé àkọ́kọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni yóò jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù báyìí? Òun ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí Olóyè bá bẹ òun dáadáa lẹ́ẹ̀kan, òun á fọwọ́ sí i, òun sì mọ ara òun bẹ́ẹ̀.

Sátidé yẹn náà ni fìdáù ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí. Ààfáà ti ṣàdúà tán, wọ́n ń pín sàráà lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ Olóyè dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gàrí ní ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ife sí ọwọ́ òsì nínú ọ̀rá ńlá kan.  Nùréènì dìde, ó lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe fìdáù ọ̀gá mi tán ná. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ pápá wá lónìí."

Olóyè wo ojú rẹ̀. "Pápá wo? Nùréènì, mo ti ra ilẹ̀ mìíràn ní Ọ̀tà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé ìkẹ́rùsí mi ti dúró síbẹ̀, ẹrù ti kún inú rẹ̀."

Nùréènì sún mọ́ ọn.

"Ọdún mẹ́ta? Kí lẹ wá ń wá síbí fún lóṣooṣù?"

Olóyè gbé gàrí sílẹ̀. Ó fi etí agbádá nu ojú rẹ̀. "Gbogbo èèyàn tó wà nílé mi, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà' ni wọ́n ń sọ fún mi. Ọkùnrin yìí nìkan ló ń bá mi jà. Ta ni mo tún fẹ́ máa lọ bá?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́sí, tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n wọn, ń pariwo pé Fóómàn ti nà án, ó ti fi ọgbọ́n nà án mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kwéésí pàápàá wà níbẹ̀, ó ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú Nùréènì dùn, ó sì wọlé lọ bá Sàídátù nínú yàrá láti sọ fún un.

"Ìyá Kaothar, ẹ gbọ́? Pápá ti bọ́! Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́jọ́ yẹn..."

"Ọgbọ́n wo?" Sàídátù jókòó sórí ẹní, tẹsíbíà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Nùréènì, jókòó. Kì í ṣe ọgbọ́n o. Ọjọ́ Sátidé yẹn, bàbá yín wọlé, ó jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá Kaothar, mo ti gbàgbé fèrè. Ife mi ti lọ.' Ó ń retí Sátidé kejì bí ẹni ń retí yídì."

"Kí ló wá dé tí wọn ò jẹ́ ká gbá a?"

"Ọjọ́ Àìkú ló mú ìwé yẹn jáde pé kóun kà á bóyá ife ṣì lè bọ́ sọ́wọ́ òun. Ó kà á, ó tún un kà.  Nígbà tó yá, ó ní, 'Bí mo bá gba ife yìí, pápá lọ. Bí mi ò bá gbà á, pápá wà.' Ó ká ìwé náà, ó ní kí n wá oúnjẹ fóun. Kò tún sunkún mọ́." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹsíbíà kan sísàlẹ̀. "Àmọ́ gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ tí Olóyè bá ti lọ, ó máa ń bi mí pé, 'Ṣé a ò bá nà wọ́n?' Mo máa ń ní, 'Ẹ̀ bá nà wọ́n, Bàbá Kaothar.' Á ní, 'Èmi náà mọ̀.' Ọdún márùn-ún, kò sí èyí tí kò béèrè."

 Gbogbo àwáwí tí Nùréènì ti bá ọ̀gá rẹ̀ gbé kiri, okùn tó bá a dì mú tó fi wọn òpó, òjò, ààwẹ̀, ó ti rò pé agídí ni. Kò mọ̀ pé lóṣooṣù ni ọkùnrin náà ń dá ife yẹn padà.

Wọ́n jọ jáde síta. Olóyè yọ ife nínú ọ̀rá, ó kúnlẹ̀ níwájú opó náà tòun ti ipò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ìyá, ẹ gbà á. Tiwọn ni. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn du ú mọ́."

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Sàídátù wo ife náà pẹ́. Ó dán, ó sì tóbi ju èyí tó wà nínú fọ́tò pálọ̀ lọ. Ó nawọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìborùn.

"Ẹ dìde, Olóyè. Ọlọ́run á yẹ́ yín sí. Ẹ bá wa gbé e padà sílé."

"Ìyá, mo ti ní ilẹ̀ Ọ̀tà. Mi ò fẹ́ pápá mọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá tún tà á fún lọ́la ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, bàbá wọn sì fọwọ́ sí i. Kò ní dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí."

Olóyè ya ẹnu láti jiyàn. Ó wo Sàídátù, ẹ̀rín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dá ife padà sínú ọ̀rá, ó gbé e mọ́ abíyá.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán o, Ìyá. Mò ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́."

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ̀wà á wà nílẹ̀."

Nùréènì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di igi fúrúùtù mú, ó rín in títí àwọn ọmọ fi ń wò ó. Ìgbà tí Kwéésí fọwọ́ kàn án léjìká tó ní "Ó tó, ó tó" ló tó mọ̀ pé ẹkún lòun ń sun.